Ìyá Ọmọ Ńkọ́?

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Ìkíni tó dára ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ jẹ́ ewu, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé ewu náà ti kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé ó ti kọjá?

Láti ọjọ́ tí a bá ti kí i bẹ́ẹ̀ ni ojú wa ti ń kúrò lára ìyá. Ọmọ ni a ń gbé. Ọmọ ni a ń wẹ̀. Ọmọ ni a ń sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Àlejò tó bá wọlé á béèrè pé, "Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé ó ń sùn?" Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ìyá ọmọ ń sùn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò rí oorun sùn, a ó fi rẹ́rìn-ín. A ó ní, "Ta ló bímọ tuntun tó ń rí oorun sùn?"

Ẹ̀rín yẹn ni mo wá bá jà nínú ìwé yìí. Àìsàn kan wà tó ń mú obìnrin ní ìparí oyún tàbí lẹ́yìn tó bá ti bímọ tán. Ọkàn ló ń mú. Ó ń pa ènìyàn. Ohun tó sì ń bá a gbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni ẹnu wa, àwa tí a yí abiyamọ ká, tí a máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkàn jẹ́. Kì í ṣe ọkàn tí a fi ń banú jẹ́ ni mo ń sọ. Ẹran kan wà nínú àyà wa, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Òun ló ń lù kìkì, tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, gẹ́gẹ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń fa omi láti inú ilẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ó lè fi ohun tó súnmọ́ ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn kan náà ló ń ti gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkàn ló ń rù ú, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ láyọ̀. Àwọn kan wà tí kò lè rù ú.

Ẹ ti rí pọ́ǹpù abúlé nígbà tí rọ́bà inú rẹ̀ bá gbó. Ènìyàn á máa tẹ̀ ẹ́, á máa làágùn, omi díẹ̀ ni yóò máa jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn obìnrin yìí ṣe máa ń rí. Ó fẹ̀, ẹran rẹ̀ dẹ̀. Ó ń sáré lù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kò tó. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ọkàn sí ọ̀nà 100, ọkàn tó dá ṣáká máa ń ti ọ̀nà 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹni tó ní àìsàn yìí kì í tó 45. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú á dá dúró lẹ́yìn. Omi inú rẹ̀ á máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, á máa jò sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń wú, tí èémí kò sì fi tó.

Àwọn dókítà tó ń sọ èdè Faransé ń pè é ní cardiomyopathie du péripartum. Orúkọ náà gùn, n kò ní kí ẹ há a sórí. Àwọn àmì rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀.

Obìnrin náà kò ní lè sùn gbalaja. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á dà bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e láyà. Á wá ìrọ̀rí méjì, á wá ìrọ̀rí mẹ́ta, títí tí yóò fi máa jókòó sùn. Ní òru, á ta jí lójijì, á máa wá afẹ́fẹ́ kiri bí ẹni tó fẹ́ rì sínú omi. Á máa wúkọ́, pàápàá ní òru. Bó bá rìn láti yàrá dé ibi ìdáná, èémí rẹ̀ á máa já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún padà. Ọkàn rẹ̀ á máa sáré nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ta ni aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú rí? Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún máa ń wú, tí kò sì ní àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbímọ, ńṣe ló yẹ kí wíwú yẹn máa lọ sílẹ̀. Bó bá ń gòkè sí i ńkọ́? Bí èémí bá tún bá a já? Ẹlòmíràn á ní ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lè jẹ́ kíndìnrín. Èwo nínú wọn wá ni ènìyàn lè fi sílẹ̀ nínú ilé kó máa wò ó?

Àwọn dókítà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àìsàn yìí. Ní ọdún 1971, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, John Demakis, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ pé àárín oṣù tó kẹ́yìn oyún sí oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù ní kí a má fi ààlà tó le tó bẹ́ẹ̀ sí i, nítorí àwọn kan wà tí tiwọn máa ń yà kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi oṣù márùn-ún yẹn sọ́kàn. Oṣù márùn-ún! Ní ilé tiwa, bí obìnrin bá ti pé ogójì ọjọ́ tó bímọ, ó ti wà lóko, ó ti ru igi, ó ti wà ní ọjà. Kò sí ẹni tó tún ń pè é ní abiyamọ tuntun.

Ẹ má sì rò pé àìsàn òyìnbó ni. Lára ibi tó ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé ni Nàìjíríà tó múlé tì wá, pàápàá ní ìhà Àríwá, láàárín àwọn Haúsá. Dókítà Kamilu Karaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé jáde ní ọdún 2020 lórí obìnrin 244 tí àìsàn yìí mú ní ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà. Ní ìlú Kánò, wọ́n rí i pé nínú obìnrin 96 tó bá bímọ, ọ̀kan lè ní i. Ẹ ka iye obìnrin tó bímọ ní àdúgbò yín ní ọdún tó kọjá, kí ẹ wò ó bóyá wọn kò tó 96.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí nítorí àwọn ìyá wa. Láyé ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ní Zaria rí i pé àìsàn náà pọ̀ láàárín àwọn abiyamọ Haúsá. Àṣà wọn ni pé kí abiyamọ máa fi omi tó gbóná gan-an wẹ̀, kí ó máa sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dá iná sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa mu ẹ̀kọ tí wọ́n fi káún adágún Ṣáàdì sí, fún ogójì ọjọ́. Àwọn dókítà náà rò pé ooru àti iyọ̀ yìí ló ń dẹ́rù pa ọkàn. Láti ìgbà yẹn, àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bú àwọn àgbà: omi gbígbóná yín ló ń pa wọ́n, káún yín ló ń pa wọ́n.

Àwọn ti Karaye wá fi àwọn tó ní àìsàn yìí wé àwọn tí kò ní i. Wọ́n rí i pé omi gbígbóná àti ẹ̀kọ oníkáún kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín wọn. Nítorí náà n kò wá bá omi gbígbóná ẹnikẹ́ni jà, ẹ máa bá ìwẹ̀ yín lọ, kí ẹ má ṣáà bó o lára. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: bí ẹsẹ̀ bá ti wú tí èémí sì ń já, iyọ̀ àti káún kì í ṣe oúnjẹ obìnrin yẹn mọ́. Iyọ̀ máa ń dá omi dúró nínú ara, omi ló sì ti fẹ́ pa á.

Kí wá ni wọ́n rí tó fi ìyàtọ̀ hàn? Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tí kò lọ sí ilé ìwé, àwọn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, àti àwọn tó rù jù, ni àìsàn yìí ń bá jà jù. Ẹ padà kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì ní alẹ́, tí àwọn kan ń fi yín ṣẹ̀sín pé àgbà ń kọ́ a, b, d. Àbídí kì í wo ọkàn sàn. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi àti òṣì máa ń wà níbi tí ìwé kò sí, ẹni tí kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lọ rí dókítà. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ọkọ. Lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, ó sì padà wá sí kíláàsì nígbà tí ọmọ náà pé oṣù méjì, ó pọ̀n ọ́n wá. Àwọn tó jókòó tì í ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bó bá kàwé dé àárín ìlà, ó máa ń dúró mí kó tó parí rẹ̀. Nílé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé òun bí ọmọ méje, òun sì ń gún iyán ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà wú dé orúnkún, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà: wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n ní orogún rẹ̀ ló fi nǹkan sí ibi tó máa ń tẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé oníṣègùn, wọ́n sin gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wú náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ojú gbẹ́rẹ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, oògùn ayé ló ń jáde yẹn.

Ẹ gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀. Orogún yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ yìí ni òun àti obìnrin tó ń ṣàìsàn jọ ń tọ́. Òun gan-an ló padà lọ pe alálùpùpù ní òru ọjọ́ tí obìnrin náà ń wá afẹ́fẹ́ kiri, òun ló sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tó dì í mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ omi jáde, ní ọjọ́ mẹ́ta ẹsẹ̀ náà fọn. Ṣé oògùn ìtọ̀ ló lé ayé lọ?

N kò ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà má gbàdúrà. N kò ní kí ẹni tó ń lọ sí ilé wòlíì tàbí ti ààfáà tàbí ti babaláwo má lọ. Mo ní kí ó ti ilé ìwòsàn dé kó tó lọ. Àdúrà kì í bàjẹ́ sọ́nà. Èémí ló máa ń tán.

Mo ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà, kí wọ́n má bínú. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti ọdún 2009 ni ìjọba ti ní kí a máa ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun rere ni. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wà láàyè nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, ta ló tún ń wo ìyá? Ẹ wo ìwé àjẹsára ọmọ. Wọ́n ní kí a gbé ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́ sínú oṣù márùn-ún tí mo sọ pé kí ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin ń rìn wá fúnra rẹ̀ jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n á wọn ọmọ. Wọ́n á gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ. Ìyá á wú lẹ́sẹ̀, á máa mí gúlegúle lórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn, wọ́n á ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní kí wọ́n máa bi í. Ṣé o ń lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn? Ṣé èémí rẹ ń já bí o bá rìn? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń wú sí i? Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gba owó. Bí wọn kò bá bi í, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kó tó dìde lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá ní àárẹ̀ lásán ni, kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ọkàn mi wò." Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún, irú rẹ̀ wà tí wọ́n fi ń wo ọkàn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn kékeré ló ní i, ó lè di dandan kí a lọ sí ìlú ńlá.

Ìlú ńlá yìí ló ń mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọkọ, ọkùnrin ẹgbẹ́ mi. Ẹ máa ń ní kò sówó. Ṣùgbọ́n a jọ wà níbi ìkómọ ni. A rí aṣọ tí ẹ rà, a rí ewúrẹ́, a rí bíà, a rí ẹ̀rọ ìlù tí ẹ yá láti ìlú kejì. Bí owó bá wà láti fi yọ̀ pé obìnrin bímọ, ó yẹ kí díẹ̀ kù láti fi gbé e lọ sí ibi tí wọ́n á ti wo ọkàn rẹ̀.

Àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Ní ọdún 2020 bákan náà, àwọn dókítà ka obìnrin 739 tó ní i, ní orílẹ̀-èdè 49. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, láàárín oṣù mẹ́fà, mẹ́fà kú. Ọkàn mẹ́rìndínláàádọ́ta padà bọ̀ sípò. Ìyókù wà láàyè, oògùn ni wọ́n ń lò. Oògùn wà tó ń dín omi kù, oògùn wà tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ kó má sáré jù, oògùn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Àwọn kan nínú wọn kò dára fún ọmọ inú oyún, nítorí náà bí obìnrin bá ṣì wà nínú oyún, kí dókítà mọ̀. Ẹ má ṣe lọ rà wọ́n lórí àtẹ nínú ọjà. Ẹ má sì ṣe dá wọn dúró nítorí pé ẹsẹ̀ ti fọn. Ẹsẹ̀ lè fọn kí ọkàn má tíì sàn.

Oògùn kan tún wà tí a ń pè ní bromocriptine. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Hannover, ní Jámánì, rí i pé ohun inú ara tó ń mú kí ọmú sẹ̀ lè gé sí wẹ́wẹ́ nínú ara àwọn kan, kí ó sì máa ba ọkàn jẹ́. Oògùn yìí ń dá a dúró. Ní South Africa, Dókítà Karen Sliwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára obìnrin 20, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2010. Àwọn tó lò ó ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lò ó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn kéré. Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ọmú. Bí dókítà bá fún ìyàwó yín, kí ẹ má sọ pé obìnrin tó kọ̀ láti fún ọmọ lọ́mú ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí ọmọ á máa jẹ.

Ó ku oyún mìíràn. Àìsàn yìí lè padà wá nínú oyún tó tẹ̀ lé e. Bí ọkàn kò bá tíì padà bọ̀ sípò, oyún tuntun lè pa obìnrin náà, àwọn dókítà á sì sọ fún un pé kí ó má lóyún. Bí ọkàn bá tilẹ̀ ti sàn, kí ó rí dókítà kó tó gbìyànjú. Ìfètò sọ́mọ bíbí wà, oríṣiríṣi. Kí ẹni tó ń fún un ní i mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti ṣàìsàn rí, nítorí àwọn oògùn kan wà nínú wọn tó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Obìnrin kíláàsì mi ti lé ní ọdún kan tó ti bímọ yẹn. Dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò tíì pé. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní, ọkùnrin ńkọ́? Ṣé ilé baba wọn á parẹ́ ni? Mo béèrè lọ́wọ́ wọn: àwọn ọmọbìnrin méjì tó wà nílẹ̀ yẹn, ta ni ẹ fẹ́ kó tọ́ wọn? Ọkọ rẹ̀ náà ti ń wá sí kíláàsì báyìí, ó ti ń ka ìlà kan já. Mo ti ní kí ó ka ojú ìwé yìí sókè fún ìyá rẹ̀ nínú ilé, kí ó kà á bó ṣe wà. Agbẹ̀bí ní kí àwọn méjèèjì wá papọ̀ ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí wọ́n wá yan ìfètò tó bá a mu.